Àdàkọ Àwo Sídì: Ìgbà Tí Ìkánjú Tó, àti Ìgbà Tí Sùúrù Di Dandan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nípa kíkó orin kúrò lórí àwo sídì sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé iṣẹ́ yìí kò ní ìṣòro kankan nínú: a ó ti àwo bọ inú ẹ̀rọ, a ó tẹ bọ́tìnnì kan, bí ó bá sì tó ìṣẹ́jú díẹ̀, àdàkọ ti délẹ̀. Wọn a máa wí pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, àdàkọ kan kò lè yàtọ̀ sí èkejì. Èrò yìí tọ̀nà bí ó bá jẹ́ ìwé tàbí àwòrán ni ó wà lórí àwo. Bí ó bá jẹ́ àwo orin ni, kò tọ̀nà. Ẹ̀rọ méjì lè ka àwo orin kan ṣoṣo kí nọ́ńbà tí wọ́n mú jáde má bára mu. Ẹ̀rọ kan náà pàápàá lè ka àwo kan lẹ́ẹ̀mejì kí ó sì mú èsì méjì wá.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá àti àwọn tí ń fi kọ́ni. Orin àpàlà, sákárà àti jùjú wà lórí sídì. Kò sì ṣàjèjì kí ìjálá, rárà tàbí ẹkún ìyàwó tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kọrin ní abúlé wà lórí sídì kan ṣoṣo nínú àpótí olùkọ́ rẹ̀. Àwọn àwo wọ̀nyí ń gbó, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ni kò sì ní ojú tí a lè ti àwo bọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe àdàkọ lónìí, ó lè jẹ́ òun ni ẹni ìkẹyìn tí yóò ka àwo náà. Bí àṣìṣe bá wọ inú àdàkọ rẹ̀ tí kò sì mọ̀, àṣìṣe náà ni àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò jókòó tì, tí wọn yóò máa tú u palẹ̀ bí ẹni pé ohùn ọ̀kọrin ni.

OHUN TÍ Ó WÀ LÓRÍ ÀWO

Ilé-iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì àti ilé-iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Jàpáànì ni wọ́n jùmọ̀ fi ìlànà àwo sídì lélẹ̀ ní 1980, nínú ìwé tí gbogbo ayé mọ̀ sí Red Book nítorí èèpo rẹ̀ tí ó pupa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1982 ni CDP-101, ẹ̀rọ tí Sony fi ń kọrin sídì, dé ọjà ní Jàpáànì. Ìlànà náà ni pé kí a wọn ìró ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní nọ́ńbà oní-bíìtì 16. Ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ni a tún pín sí ọ̀nà 75, ìpín kan sì ń gba báìtì 2,352.

Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni a tẹ̀ sára àwo bí ihò wẹ́wẹ́, lórí ìlà kan ṣoṣo tí ó ká bí ìkarahun ìgbín láti àárín àwo lọ sí etí rẹ̀. Bí a bá tú ìlà náà ká lórí àwo tí ó kún, gígùn rẹ̀ yóò ju kìlómítà 5 lọ. Ìtànṣán lésà ni ó ń tọ ìlà náà, tí ó ń ka ihò àti ibi tí ó tẹ́jú lẹ́yìn ara wọn.

Ohun tí ó kéré tó báyìí kò lè ṣe kí ó má bá ìdọ̀tí àti ìfarahá pàdé. Àwọn tí ó ṣe àwo náà mọ èyí, wọ́n sì ti pèsè sílẹ̀ dè é. Wọ́n lo ìṣirò tí Irving Reed àti Gustave Solomon gbé jáde ní 1960, tí ó fi jẹ́ pé báìtì 24 kọ̀ọ̀kan tí ó jẹ́ ti orin ni báìtì 8 mìíràn ń ṣọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fọ́n àwọn báìtì tí ó yẹ kí ó wà nítòsí ara wọn káàkiri, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ tí kò gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀ sí oko kan ṣoṣo, kí eṣú má baà jẹ gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Nítorí ètò méjèèjì yìí, bí ìbàjẹ́ bá gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 2 àti ààbọ̀ lórí ìlà náà, ẹ̀rọ lè ṣírò gbogbo ohun tí ó sọnù padà láìku ẹyọ kan.

ÌDÍ TÍ ORIN KÒ FI DÀ BÍ ÌWÉ

Bí ìbàjẹ́ bá wá ju agbára ìṣirò yìí lọ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Ẹ̀rọ tí ń kọrin kò gbọdọ̀ dúró láàárín orin; nítorí náà, ó máa ń méfò. Yóò wo nọ́ńbà tí ó ṣáájú èyí tí ó sọnù àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, yóò sì fi èyí tí ó wà láàárín wọn dí ojú ihò náà. Bí ihò náà bá fẹ̀ jù, yóò pa ohùn mọ́ fún ìgbà kúkúrú. Etí kì í sábà fura. Oore ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó kàn ń gbọ́ orin. Ìdẹkùn ni fún ẹni tí ń ṣe àdàkọ, nítorí ẹ̀rọ lè fi àméfò náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà láìsọ pé àméfò ni.

Lórí àwo tí a kọ ìwé sí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú báìtì 2,352 ti ìpín kọ̀ọ̀kan, 2,048 péré ni a fún ìwé. Èyí tí ó kù wà fún ohun tí ń fi ibi tí ìpín náà wà hàn, àti fún ẹ̀ṣọ́ mìíràn tí ń tún àṣìṣe ṣe lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì kùnà, ẹ̀rọ yóò sọ gbangba pé òun kò lè kà á. Àwo orin kò ní irú ààbò yìí: orin ni ó gba gbogbo báìtì 2,352. Àmì tí ń sọ ibi tí a dé nínú orin wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì péye débi tí yóò fi tọ́ka sí ìwọ̀n kan pàtó nínú 44,100. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ àtijọ́ bá dúró díẹ̀ kí ó tó tẹ̀síwájú, ó lè fo ohun kan, ó sì lè ka ohun kan ní àkàtúnkà, kí ojú ibi tí a ti so ó pọ̀ má ṣe déédéé.

Ohun tí ó yẹ kí a dì mú nìyí: pé àdàkọ dùn létí kò fi hàn pé ó pé. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni a sì ń gbà ṣe é.

Ọ̀NÀ ÀKÀSÁRÉ

Ọ̀nà kìíní ni èyí tí a lè pè ní àkàsáré. Orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ni Burst. Kọ̀ǹpútà yóò ní kí ẹ̀rọ ka orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá sì gbé wá ni yóò gbà. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ó yá: ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó fún odindi àwo. Kì í yọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Níwọ̀n bí kò sì ti ń dúró lọ́nà, ìṣòro fífò àti ṣíṣe àkàtúnkà tí a mẹ́nu bà lókè kì í sábà bá a.

Àwọn kan a máa kẹ́gàn ọ̀nà yìí, bí ẹni pé àdàkọ tí ó bá ti ibẹ̀ wá kò lè dára. Wọn kò tọ̀nà. Bí àwo bá mọ́ tí ẹ̀rọ sì dára, àdàkọ àkàsáré sábà máa ń bá ti ọ̀nà kejì mu, bíìtì fún bíìtì. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní ẹ̀rí. Bí ó bá ṣe déédéé, kò lè fi hàn. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, kò lè jẹ́wọ́.

Ọ̀NÀ ÀKÀTÚNKÀ

Ọ̀nà kejì ni àkàtúnkà, tí kọ̀ǹpútà ń pè ní Secure. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nípa ọ̀nà yìí ni Exact Audio Copy, tí Andre Wiethoff ṣe ní ilẹ̀ Jámánì, tí ó sì ti wà láti 1998. Ìpìlẹ̀ ọgbọ́n rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: kí a má gba ohun tí ẹ̀rọ sọ lẹ́ẹ̀kan gbọ́. Ó kéré tán, yóò ka ìpín kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìgbà méjèèjì bá dọ́gba, yóò kọjá. Bí wọn kò bá dọ́gba, yóò tún ìpín náà kà ní ìgbà 16, yóò sì máa wá èsì tí ó bá ara rẹ̀ mu ní ìgbà 8 nínú rẹ̀. Bí kò bá rí i, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ìdá 16 mìíràn, títí dé ìdá márùn-ún bí a bá ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un. Àpapọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè ka ìpín kan ṣoṣo ní ìgbà 82. Bí ó bá wá kùnà lẹ́yìn gbogbo èyí, yóò kọ ibi tí ó ń fura sí sílẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀, kí ẹni tí ó ni iṣẹ́ lè lọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ ń gba àkókò. Àwo tí ó ti ha púpọ̀ lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ìdẹkùn méjì wà lójú ọ̀nà yìí tí ó yẹ kí a mọ̀. Ìkíní ni àpò ìrántí tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ní kí ẹ̀rọ ka ibì kan lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ lè má padà sídìí àwo rárá. Ó lè mú ohun tí ó ti kà tẹ́lẹ̀ láti inú àpò rẹ̀, kí ó sì tún un gbé kalẹ̀. Ó dà bí ọmọ tí a rán padà sí ọjà láti lọ wádìí ọ̀rọ̀ wò, tí ó lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí ó sì wá tún ohun tí ó sọ lákọ̀ọ́kọ́ sọ. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n kò lọ sí ọjà. Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà yẹ ẹ̀rọ wò, kí ó mọ̀ bóyá ó ní irú àpò bẹ́ẹ̀, kí ó lè máa tú u dànù kí ó tó tún ìpín kan kà.

Ìdẹkùn kejì ni àṣìṣe tí kì í yẹ̀. Ìfarahá kan náà lè mú kí ẹ̀rọ kan náà méfò bákan náà nígbàkúùgbà tí ó bá débẹ̀. Àkàtúnkà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo dà bí ẹlẹ́rìí kan tí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì di ẹlẹ́rìí méjì. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n lè fi àmì kan tí a ń pè ní C2 jẹ́wọ́ pé àwọn kò lè tún báìtì kan ṣe. Bí ìjẹ́wọ́ ẹ̀rọ bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, iṣẹ́ yóò yá, nítorí ibi tí ó bá jẹ́wọ́ nìkan ni a ó tún kà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ń jẹ́wọ́ tán.

Láàárín ọ̀nà méjèèjì, àṣà kan wà tí ó wúlò fún èyíkéyìí nínú wọn, èyí tí í ṣe ìdánwò ṣáájú àdàkọ. Ètò yóò ka odindi orin kan, yóò fi ìṣirò yọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan láti inú rẹ̀, yóò sì tún ka orin náà látòkèdélẹ̀. Bí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìgbà méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìfọ̀kànbalẹ̀ díẹ̀ ti dé. Odindi orin sì tóbi ju ohun tí àpò ìrántí ẹ̀rọ lè gbà lọ. Nítorí náà, ọmọ tí a rán kò lè ṣe kí ó má padà sí ọjà.

ẸLẸ́RÌÍ LÁTI ÒDE

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù kì í ti inú ilé ẹni wá. Àkójọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AccurateRip. Nígbà tí ẹnì kan bá ṣe àdàkọ tán, ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò yọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ orin kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi wé ti àwọn tí ó ti fi àwo tiwọn àti ẹ̀rọ tiwọn ṣe àdàkọ orin kan náà. Bí ẹni mẹ́wàá tí wọn kò mọ ara wọn rí bá ní nọ́ńbà kan náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àṣìṣe ni gbogbo wọn jùmọ̀ ṣe. Ìfarahá tèmi kò lè bá ìfarahá tìrẹ mu, ni àwọn àwo ìbá wí bí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀.

Kí ìfiwéra yìí tó lè wáyé, ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ tọ́ sí. Irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, tí ó fi ìwọ̀n díẹ̀ ṣáájú tàbí tí ó fi gbẹ̀yìn ibi tí ó yẹ. Àtúnṣe tí ẹ̀rọ kan fẹ́ lè jẹ́ +6, ti òmíràn +30, ti òmíràn +667. Ìwọ̀n 667 kò ju nǹkan bí ìpín 15 nínú ìpín 1,000 ti ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Kò sí etí tí yóò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo àwọn tí ó tò bá sún síwájú ní ẹsẹ̀ kan, kò sí ẹni tí yóò wà ní àyè rẹ̀ mọ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yóò sì yí padà pátápátá. Ètò kọ̀ǹpútà ni yóò wá àtúnṣe yìí fún ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń ṣe é.

Àkójọ yìí ní ààlà. Bí kò bá ní ohun kan láti sọ nípa àwo kan, kò dá àwo náà lẹ́bi. Ó kàn lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì mú irú rẹ̀ wá. Àwo tí a tún tẹ̀ ní ọdún mìíràn tàbí ní ilẹ̀ mìíràn sì lè má bá ti àkọ́kọ́ mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àti àwòrán iwájú wọn kò yàtọ̀.

BÍ A Ó TI YAN

Nínú ohun tí a ti sọ, ìlànà yíyàn ti hàn. Kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe àdàkọ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ǹjẹ́ àwo yìí ní ẹlẹ́rìí?

Bí ó bá jẹ́ àwo tí a tà káàkiri ayé ni, bí irú Jùjú Music ti King Sunny Adé tí ilé-iṣẹ́ Island kọ́kọ́ gbé jáde ní 1982, ìrètí wà pé ẹlẹ́rìí kò ní wọ́n. Bí àwo náà bá mọ́, kí a lo ọ̀nà àkàsáré, kí a sì fi èsì rẹ̀ wé ti AccurateRip. Orin tí ó bá bára mu ti parí. Bí ọ̀kan bá wà tí kò bá tí àwọn yòókù mu, èyíinì nìkan ni a ó mú padà sí ọ̀nà àkàtúnkà. Ẹni tí ó bá fi wákàtí mẹ́ta ṣe àkàtúnkà àwo tí ẹlẹ́rìí ogún ti dúró fún, ó fi àkókò ṣòfò.

Bí ó bá jẹ́ àwo tí a tẹ̀ fún ọjà Èkó tàbí Ìbàdàn ni, tí kò sì pọ̀ níta, kí a má gbẹ́kẹ̀ lé ẹlẹ́rìí tí ó lè má sí. Ọ̀nà àkàtúnkà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìdánwò ṣáájú àdàkọ. Lẹ́yìn náà, kí a gbé àwo náà lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, kí a tún un ṣe. Bí ẹ̀rọ méjì tí ìṣe wọn yàtọ̀ bá sọ nọ́ńbà kan náà lẹ́yìn tí a ti tún ibi ìbẹ̀rẹ̀ wọn ṣe, a ti ní ẹlẹ́rìí méjì. Bí a bá sì rí ẹlòmíràn tí ó ní irú àwo náà, ẹlẹ́rìí kẹta ni.

Èyí tí ó gba ìṣọ́ra jù ni àwo tí ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà kọ ní ilé tàbí ní iléèwé, tí kò sí irú rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ihò ni a tẹ̀ sí ara irú àwo bẹ́ẹ̀. Aró ni lésà sun lára rẹ̀, aró a sì máa ṣá. Bí ó bá jọ pé àwo náà ti ń kú lọ, kí a má kọ́kọ́ gbé e sí àkàtúnkà, tí yóò máa lọ́ ọ sẹ́yìn sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí a fi àkàsáré gba ohun tí ó ṣeé gbà sílẹ̀ ná, kí ilẹ̀ má baà ṣú. Lẹ́yìn náà ni kí a wá fi sùúrù padà sí i. Níhìn-ín, ìkánjú ni ó ń ṣáájú, tí sùúrù ń tẹ̀ lé e.

Ṣáájú gbogbo rẹ̀, kí a nu àwo pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ láti àárín tààrà lọ sí etí, kí a má ṣe nù ún yípo. Ìfarahá tí ó bá gba àárín lọ sí etí yóò kàn dábùú ìlà náà ni, tí ìṣirò yóò sì tún ibẹ̀ ṣe. Èyí tí ó bá yípo yóò tọ ìlà náà lọ, yóò sì ba ohun tí ó tẹ̀ léra wọn jẹ́ ju bí ìṣirò ti lè gbà padà lọ.

Bí a bá rí ibi tí ètò kọ̀ǹpútà ń fura sí, tí kò sì ṣeé tún ṣe, kí a má tìtorí rẹ̀ da àdàkọ náà nù, kí a má sì fi í pamọ́ fún ẹni tí yóò lò ó. Kí a kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń tẹ́tí sí gángan láti mọ ohun tí onílù fi ọ̀pá sọ yóò fẹ́ mọ̀ bóyá onílù ni ó dákẹ́ níbẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ni ó pa á lẹ́nu mọ́.

Bí àdàkọ bá parí, ó ku bí a ó ti tọ́jú rẹ̀. Irú fáìlì tí ó yẹ ni FLAC, tí ó wà láti 2001, tí ń ká orin kéré láìsọ bíìtì kan nù. MP3 kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó máa ń ju ohun tí ó rò pé etí kò ní gbọ́ dànù, ohun tí ó bá sì jù kò ní padà. Pẹ̀lú fáìlì orin, kí a tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ tí ètò kọ̀ǹpútà kọ nípa iṣẹ́ náà: irú ẹ̀rọ tí a lò, ọ̀nà tí a yàn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ orin kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí a fura sí bí ó bá wà.

Ọ̀pọ̀ ni ó ń pa ìwé yìí rẹ́ nítorí pé kò ní orin nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo bá ti bàjẹ́, tí ẹ̀rọ ti kúrò lóde, tí ẹni tí ó ṣe àdàkọ kò sì sí nítòsí mọ́ láti dáhùn ìbéèrè, ìwé náà ni yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ohun tí ó ń gbọ́ ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó.